Ajá Alágídí àti Ìkookò Inú Ọgbà: Ìtàn Èrò Kan

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ajá Ògún tàbí ti ajá inú àlọ́ tí ẹ ti mọ̀ dáadáa. Ìtàn èrò kan ni, èrò tí ó ti inú ọgbà ẹranko kan ní Switzerland jáde, tí ó gba Amẹ́ríkà kọjá, tí ó sì wọ inú àgbàlá mi láìkan ilẹ̀kùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan tí ó dá lórí ìtọ́jú ajá sí èdè Yorùbá, ó sì kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, dominant. Ó bi kíláàsì léèrè ohun tí òun lè pe irú ajá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní "ajá alágídí" ni. Àwọn mìíràn ní rárá o, "ajá ajẹgàba" ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí àkókò fi tó, èmi náà sì jẹ́ kí wọ́n fà á, nítorí mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì jìn ju bí wọ́n ti rò lọ. Ẹni tí ó bá ní agídí, ara òun fúnra rẹ̀ ni agídí náà wà. Ewúrẹ́ lè ní agídí, ọmọ ọdún méjì lè ní in, kódà ilẹ̀kùn tí ó há lè ṣe agídí sí wa. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a óò sọ pé ó ń du oyè. Ṣùgbọ́n ìjẹgàba kò ṣeé dá ṣe. Bí a bá ti sọ pé ajá kan ń jẹgàba, ìbéèrè tí ó kàn ni pé: lórí ta ni? Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ "lórí ìwọ tí o ni ín", ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwà ẹranko nìyẹn, ó ti di ogun oyè.

Mo ti ja ogun oyè yẹn rí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àpá rẹ̀ sì wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá náà. Ẹ mọ̀ pé àwọn baba wa a máa fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò tí wọ́n ń bá yan odì. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà ní tèmi, orúkọ náà kàn wù mí ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Alsatian, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ajá ìgboro kan tí kò sí ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa pé ọdún kan ààbọ̀, ó ti di ẹran ńlá. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń sùn sí, bí a bá sì ní kí ó dìde, yóò kọ́kọ́ wo ojú ẹni ná, bí ìgbà tí àgbà bá ń ro ẹjọ́. Bí mo bá fi okùn sí i lọ́rùn, òun ni ó ń mú mi jáde. Gbogbo ìyẹn ṣeé fojú fò. Èyí tí kò ṣeé fojú fò ni pé bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀, yóò di gbagidi, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti ìsàlẹ̀ ikùn wá.

Mo ra ìwé kan, ìwé àlòkù ni. Ìwé náà sọ fún mi pé ajá mi gbà pé òun ni olórí ilé, èmi sì ni ọmọ ẹ̀yìn òun. Ó ní kí n máa jẹun ṣáájú rẹ̀, kí n máa ṣáájú rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, kí n máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ lóòrèkóòrè láti fi ẹni tí ó ni ilé hàn án. Bí ó bá sì kùn, kí n dà á dùbúlẹ̀, kí n yí i dójú sókè, kí n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbójú kúrò lójú mi. Onímọ̀ ìwé ni mí, mo sì máa ń gba ìwé gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta tí mo ń ṣe é, Tanímọ̀la bù mí jẹ. Ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wá.

Mo fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́, nítorí a kì í fi digbòlugi ṣeré, bí a tilẹ̀ ti gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí mo padà dé, ìyàwó mi kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Bàbá Ìbùkún, tí ó bá jẹ́ ọmọ yẹn ni ó wà ní ibi tí ẹ wà ńkọ́?" Ẹnìkan wà ní àdúgbò wa tí ó máa ń ra ajá lọ́wọ́ àwọn tí ó ti sú, ohun tí ó sì ń fi wọ́n ṣe kò fara sin: ẹran ni ó ń tà. Ó ti gbọ́ nípa Tanímọ̀la, ó sì ti dá owó lé e. Mo bẹ ìyàwó mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo fi wá orísun ohun tí ìwé náà kọ́ mi, nítorí pé wíwá orísun ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀dọ̀ adìẹ ni mo kọ́kọ́ bá ara mi, ó sì yà mí lẹ́nu. Ní 1921, ọmọ Norway kan tí ń jẹ́ Thorleif Schjelderup-Ebbe ṣe àlàyé pé láàárín àwọn adìẹ tí wọ́n ń gbé pọ̀, ètò wà: èyí ń fi àgógó gún èyí lórí, èyí náà ń gún òmíràn, títí dé orí èyí tí gbogbo wọn ń gún. Ìyá wa kankan tí ó bá ti sin adìẹ kò ní í ka èyí sí ìròyìn. Àwa náà mọ̀ pé adìẹ tí ó bá wọ ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ni í fi í dúró. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹranko rí i pé ètò náà ṣeé kà, ó ṣeé yà sórí ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú rẹ̀ kiri lára àwọn ẹranko yòókù.

Ẹni tí ó wá a dé ọ̀dọ̀ ìkookò ni Rudolf Schenkel. (Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ẹranko tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ń pè ní ìkookò kì í ṣe ẹranko tí à ń sọ yìí. Kò sí irú èyí ní ilẹ̀ Yorùbá rí. Ẹranko tiwa ni èyí tí ń fọ́ eegun jẹ lóru, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú ju ti iwájú lọ. Orúkọ tirẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá yá fún ẹranko òtútù ilẹ̀ òkèèrè tí ń pa àgùntàn, ó sì mọ́ ọn lára.) Ọgbà ẹranko ìlú Basel ni Schenkel ti ṣọ́ àwọn ìkookò rẹ̀, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1947. Ó rí ìjà. Ó rí bí akọ kan àti abo kan ṣe ń gorí àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe ń lé wọn sẹ́yìn, tí àwọn tí a lé ń tẹrí ba, tí wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ fi ikùn hàn. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń pe ìkookò tí ó wà lókè ní alpha, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn Gíríìkì.

Schenkel kò purọ́. Ohun tí ó rí ni ó kọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti rí i: ọgbà tí kò ju bíi mítà 10 sí 20 lọ, tí ìkookò tí ó tó mẹ́wàá wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, tí kò sì sí ọ̀nà àbájáde. Ẹ fojú inú wo ilé kan tí a kó àlejò mẹ́wàá sí, tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, tí gbogbo wọn ń pín ilé ìdáná kan àti omi ẹ̀rọ kan. Kí ẹnìkan wá jókòó sí ojú fèrèsé, kí ó máa kọ ìjà wọn sílẹ̀, kí ó sì fi ìwé náà sọ bí àwọn Yorùbá ṣe ń gbé agbo ilé. Èyí tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹlòmíràn ti rí òótọ́ ṣáájú. Adolph Murie ṣọ́ àwọn ìkookò nínú igbó gidi, ní Òkè McKinley ní Alaska, láti 1939 sí 1941, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1944, ọdún mẹ́ta gbáko ṣáájú ti Schenkel. Ìdílé ni ó rí: akọ, abo, àwọn ọmọ wọn, àti àwọn mélòó kan tí wọ́n jọ ń bá wọn tọ́mọ. Ṣùgbọ́n ariwo ìjà a máa dé ibi tí jẹ́jẹ́ kò lè dé.

Ẹni tí ó gbé ariwo náà dé ìgboro ni L. David Mech, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1970 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa ìkookò, ó kó gbogbo ohun tí ìmọ̀ ìgbà náà mọ̀ jọ sínú rẹ̀, ti Schenkel sì wà níbẹ̀. Ìwé náà tà. Ọ̀rọ̀ náà alpha di ohun tí àwọn tí kò tilẹ̀ rí ìkookò rí ń sọ.

Inú àwọn olùkọ́ ajá dùn sí i, nítorí pé ó bá ohun tí ọwọ́ wọn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mu. Láti 1910 ni Konrad Most, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Jámánì, ti kọ ìwé lórí kíkọ́ ajá ọlọ́pàá, tí ó sì fi ìbáṣepọ̀ ènìyàn àti ajá wé ìjà tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ borí. Bárékè ni ìlànà bẹ́ẹ̀ ti wá; ìkookò inú ọgbà wá fún un ní ẹ̀rí tí ó dà bíi sáyẹ́ǹsì. Ní 1978, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Kristẹni kan ní New Skete, ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n ń sin Alsatian, tẹ ìwé kan jáde tí ó lókìkí gan-an. Nínú rẹ̀ ni yíyí ajá dójú sókè wà, èyí tí ó fún mi ní àpá. Kí n má ṣe àbòsí: ìwé náà kún fún ìfẹ́ ajá, àwọn fúnra wọn sì yọ àṣà yẹn kúrò nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 2002. Ṣùgbọ́n ìwé àlòkù kì í mọ̀ pé a ti tún òun kọ. Láti 2004 sí 2012 ni tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà sì fi Cesar Millan hàn, tí ó ń sọ fún àwọn onílé pé kí wọ́n jẹ́ olórí agbo. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ jù.

Ní gbogbo àkókò yìí, Mech ń bọ̀ wá bá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1986 ni ó ti ń lọ sí erékùṣù Ellesmere ní òkè réré Kánádà lọ́dọọdún. Àwọn ìkookò ibẹ̀ kì í sá fún ènìyàn. Wọ́n jẹ́ kí ó jókòó nítòsí ihò tí wọ́n ń tọ́mọ sí. Ohun tí ó rí ní ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́tàlá ni ó kọ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ẹranko kan ní Kánádà ní 1999. Kò rí ogun oyè. Bàbá ń ṣọdẹ, ìyá ń fún ọmọ lọ́mú, àwọn ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ àwọn àbúrò. Àwọn ọmọ kì í bá bàbá du ipò. Bí wọ́n bá ti tó ọdún kan sí mẹ́ta, wọ́n á lọ wá ẹnìkejì, wọ́n á sì dá ìdílé tiwọn sílẹ̀. Mech ní pípe irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní alpha kò dára ju kí a máa pe bàbá tàbí ìyá nínú ènìyàn ní alpha lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Ọ̀gá àti bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí baálé tí ó bá ọmọ rẹ̀ jìjàkadì kí ó tó di baálé. Ìbí ni ó fi í síbẹ̀, àti iye òjò tí ó ti pa á. Bí Mech bá gbọ́ Yorùbá ni, ì bá ti rí ọ̀rọ̀ tí ó ń wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó bẹ àwọn tí ń tẹ ìwé 1970 náà pé kí wọ́n dẹ́kun títẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2022 ni ìwé náà tó kúrò lórí àtẹ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní ajá kò mọ ìpò rárá. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ agbo ajá tí ń dá rìn ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Róòmù tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2010, wọ́n sì rí ètò láàárín wọn. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn pọ̀ ni ó sábà máa ń wà lókè. Àgbà náà ni! Ṣùgbọ́n àárín ajá sí ajá ni ìyẹn. Ìjẹgàba, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń lò ó, jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí ó wà láàárín ẹranko méjì. Kì í ṣe ìwà tí a bí mọ́ ajá kan bí àwọ̀ irun rẹ̀. Èyí ni mo fi sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kì í ṣe àṣìṣe ìtumọ̀ ni ó ń bá jà. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó ti da agídí àti ìjẹgàba pọ̀ sínú ìkòkò kan. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdàpọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 2009, àwọn dókítà ẹranko ní yunifásítì Pennsylvania tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti bi àwọn 140 tí wọ́n ní ajá léèrè ohun tí wọ́n ti gbìyànjú lára ajá wọn àti ohun tí ajá fi dá wọn lóhùn. Nínú àwọn tí wọ́n ti lu ajá tàbí tí wọ́n ta á nípàá, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé ajá náà fi ìbínú dáhùn. Fífi agbára gba nǹkan lẹ́nu rẹ̀, ìdá 39. Yíyí i dójú sókè, ìdá 31. Nígbà tí mo ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, mo wo ọwọ́ mi tí a fi aṣọ dì. Tanímọ̀la kò ṣe ohun tí ó ṣàjèjì.

Ibi tí mo wá ti ń bínú sí ara mi nìyí: mo ti mọ ohun tí ó sàn ju ìwé yẹn lọ láti kékeré. Ìwé náà ní kí ajá má ṣáájú mi. Òwe wa ní ajá tí ó bá rẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ẹ wo ibi tí òwe náà fi ènìyàn sí. Ẹ̀yìn ni! Ajá tí kò bá lè ṣáájú, tí kò bá lè fi orí kunkun wọ inú igbó tí ọdẹ kò lè wọ̀, kí ni ọdẹ fẹ́ fi ṣe? A tún ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá aláìgbọràn ni òwe yẹn ń sọ, ṣùgbọ́n kò fẹ̀sùn kàn án pé ó ń du oyè ọdẹ. Ó ní ó fẹ́ sọnù. Àánú wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé òwe kì í ṣe ìwádìí, àti pé àwa náà ti fi ìyà jẹ ajá ní ilẹ̀ yìí kọjá àlà. Síbẹ̀, ajá tí ń du oyè mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, n kò bá a pàdé nínú òwe wa tí mo mọ̀.

Dókítà ẹranko tí mo mú Tanímọ̀la lọ bá jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó yẹ eyín àti etí rẹ̀ wò bóyá nǹkan ń dùn ún. Kò rí nǹkan kan. Ó bi mí pé àwọn mélòó ni wọ́n jọ ń jẹun nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Mo ní àwọn mẹ́jọ, abọ́ kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sà, ebi ni ẹ ń bá jà, kì í ṣe ìgbéraga." Ó ní kí n má gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kí n máa mú wá ni. Bí ó bá ń jẹun, kí n dúró sí ibi tí kò tíì máa kùn, kí n ju ègé ẹran kan tí ó dùn ju ohun tí ó wà nínú àwo lọ sí i, kí n sì bá tèmi lọ. Bí ó bá kùn, mo ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn, kí n padà sẹ́yìn. Kí n má sì bá a wí nítorí kíkùn, nítorí pé ajá tí a bá kọ́ kí ó má kùn mọ́ yóò máa bu ni jẹ láìkìlọ̀. Àti pé bí ó bá ti ń jẹun, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ọmọ má sí níbẹ̀, láé.

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì tí mo tọrọ, mo ti dé ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ìyàwó mi sì wò ó láti ojú fèrèsé, ó ní kí a fi oṣù kan kún un. Owó ẹran tí mo ná ní oṣù yẹn, n kò ní í sọ ọ́ níbí. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́rin, bí Tanímọ̀la bá rí mi tí mò ń bọ̀ nígbà tí ó ń jẹun, yóò gbé orí kúrò nínú àwo, yóò sì máa ju ìrù. Oníbàárà wa tí ó dá owó lé e kò tún béèrè rẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ṣì ń wà ní títì ní àkókò oúnjẹ títí di òní. N kò fi ìyẹn jáfara. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ "ajá alágídí" sínú ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ni ìwé náà. Tanímọ̀la ti ń dàgbà báyìí, irun ẹnu rẹ̀ ti ń funfun, ẹnu ọ̀nà náà ni ó sì ń sùn sí. Bí mo bá fẹ́ jáde lọ kọ́ kíláàsì ní àárọ̀, mo máa ń pè é kí ó dìde. Yóò wo ojú mi ná. Nígbà mìíràn ó máa ń dìde.